Awò Ìbọn tí Alàgbà Ajíbádé Fi Pamọ́ fún Ìjọ

Alàgbà Ajíbádé ti ti ẹsẹ̀ kan bọ ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó rí mi lẹ́yìn káńtà. Bí ojú wa ṣe pàdé báyìí, wọ́n fẹ́ yí padà. Aṣáájú àdúrà ni wọ́n ní ìjọ aláṣọ funfun wa ní Thames View, nílùú òyìnbó níbí, àwọn ló ń gbọ́wọ́ lé mi lórí lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn náà ló wá ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n agogo ara ilẹ̀kùn ti dún, ọ̀gá mi sì ti kí wọn káàbọ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n bá wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni mo wí, mo sì tẹrí ba.

"Káyọ̀dé! Ṣé ibí lo ti ń ṣiṣẹ́ ni? Wọ́n ní kámẹ́rà lò ń tún ṣe."

"Kámẹ́rà náà wà níbẹ̀, sà."

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo àjà, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Awò ìbọn ni mò ń wá. Èyí tó máa rí ọ̀nà tó jìn dáadáa. But kò gbọdọ̀ wọ́n o, pensioner ni mí."

Ṣọ́ọ̀bù wa kò ju yàrá kan àti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lọ, ní òpópónà kékeré kan tó yà kúrò ní Heathway. Awò là ń tà: èyí tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ, èyí tí wọ́n fi ń wo òṣùpá, lẹ́ńsì kámẹ́rà, àti awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn. A kì í ta ìbọn rárá. Ní ìlú yìí, ìbọn ni ọlọ́pàá ń fúnni ní ìwé àṣẹ fún; awò orí rẹ̀ kò ní ìwé kankan, ẹni tó bá lówó lè rà á. Nítorí ìyẹn ni Mista Brian, ọ̀gá mi, ṣe fi òfin tirẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ awò ìbọn, a gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló fẹ́ yìnbọn sí, àti níbo. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, awò ń padà sínú páálí nìyẹn.

Ọmọ Dagenham pọ́ńbélé ni Mista Brian. Kò fọkàn tán èèyàn, kò sì fọkàn tán awò. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ó sì bá ìwà mi mu, nítorí èmi náà, bí mo bá ra búrẹ́dì, mo máa ń wo ìdí ẹ̀ kí n tó sanwó. Nínú awò ìbọn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló dábùú ara wọn. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ọta yẹ kó bà. Ṣùgbọ́n bí ọta bá ṣe ń lọ jìnnà ló ń wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí awò fi ní orí méjì tí a ń yí bí ìdérí ìgò. Ti òkè ń gbé ìlà náà lọ sókè sódò, ti ẹ̀gbẹ́ ń gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì. Iṣẹ́ wọn ni kí ìlà lọ síbi tí a rán an, kó sì padà sílé nígbà tí a bá pè é. Awò tó bá ń purọ́ á lọ, ṣùgbọ́n kò ní padà síbi tó ti kúrò.

"Kí lẹ fẹ́ yìnbọn sí, sà?" ni mo bi Alàgbà.

"Kì í ṣe èmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

"Níbo ni ọ̀rẹ́ yín wà?"

"Ó wà níbì kan."

"Báwo ni ohun tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí ṣe jìn tó?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. "Ká sọ pé láti ibí dé station, kó tún kọjá station díẹ̀."

Èkìtì ló sọ sí mi lọ́kàn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní ìjọ wa pé Alàgbà àti àbúrò wọn ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn ní Èkìtì. Wọ́n ti ní ká gbàdúrà sí i, tìbínú-tìbínú. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ń fi àgbá kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, aṣọ, bàtà, ìkòkò. Ta ni yóò mọ̀ bí awò kan bá wà láàárín aṣọ òkìrìká? Èyí tó burú jù ni pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, Ìyá Wòlíì bọ́ sínú ẹ̀mí, wọ́n ní àwọn rí ohun gígùn dúdú kan nínú àpótí irin ní ilé àgbà kan nínú ìjọ, ká gbàdúrà kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn. "Kó má ṣẹlẹ̀!" ni gbogbo wa pariwo. Alàgbà ló pariwo jù.

Bí mo bá ta awò yìí, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Èkìtì, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Bí mo bá kọ̀, mo ti pe àgbà ìjọ mi ní apànìyàn lójú òyìnbó. Mo bá ní kí n fi iṣẹ́ dá wọn dúró ná, bóyá wọ́n á fẹnu ara wọn sọ òtítọ́.

Mo gbé awò díẹ̀ sílẹ̀. Kíá ni wọ́n mú èyí tó ń dán jù, tó ní iná pupa nínú, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń sún nǹkan mọ́ni bí ẹni pé èèyàn á fọwọ́ kàn án.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, sà," ni mo wí. "Owó yín kò lè ra kó sún nǹkan mọ́ni gan-an, kó mọ́ kedere, kó sì lágbára, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní láti yááfì ọ̀kan. Sísúnmọ́ni ni kẹ́ ẹ yááfì. Bó bá fẹ nǹkan lójú tí kò mọ́, kùrukùru ńlá lẹ rà."

Mo gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Irin ńlá kan wà níbẹ̀ tí Mista Brian dè mọ́ tábìlì. A máa ń de awò mọ́ ọn, a ó sì na ìlà rẹ̀ sí bíríkì kan lára símínì, ihò èéfín tó yọ lórí ilé gíga kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo yí i lọ sókè, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i wálẹ̀, mo yí i padà sósì. Bíríkì ibòmíì ni ìlà náà padà sí. Mo wá de èyí tó ti bó lára, tí ẹnì kan ti lò rí, tí kò ní iná, tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Mo yí i ká bákan náà. Ó padà sórí bíríkì tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Èyí ni kẹ́ ẹ rà," ni mo wí, láìrántí pé n kò fẹ́ tà á. "Ẹ fi owó tó bá kù ra òrùka irin tó dáa tí á dì í mú sórí ìbọn."

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fojú sí i. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Káyọ̀dé, àlàfo tó wà láàárín àwọn bíríkì yẹn, ṣé ìwọ rí i?"

"Mo rí i, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé àbúrò wọn ni wọ́n ń fojú inú wò yẹn.

Mista Brian yọjú, ó bi mí bóyá oníbàárà ti sọ ibi tó ń gbé e lọ. Mo mi orí. Ó ní kí n dá a padà sí páálí. Mo dá a padà.

"Káyọ̀dé!" Alàgbà yọ ojú sí mi. "Ṣé o rò pé mo fẹ́ pààyàn ni?"

Mo tẹ páálí náà pa. Ìyẹn dùn wọ́n ju èébú lọ, mo rí i lójú wọn.

"Nítorí ilẹ̀ Èkìtì, àbí? Àbúrò mi ti kọ́lé síbẹ̀ tipẹ́! Èmi gan-an ni mo bá a ra sìmẹ́ńtì." Wọ́n gbé ọwọ́ lé káńtà, ohùn wọn sì wálẹ̀. "Sátidé, wá gbé mi nílé. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o mú awò yẹn dání, má gbé e fún mi. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Abeg."

Mista Brian gbà pé kí n mú un lọ, bí kò bá ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo dúró síwájú ilé wọn ní Becontree Heath. Wọ́n jáde pẹ̀lú àpò gígùn dúdú kan, wọ́n ń rìn kíákíá. Ní ilé tó kọjú sí tiwọn, kọ́tìnì fèrèsé òkè mì.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn, sà?"

"Ìyá Wòlíì ni."

Mo wo àpò náà, mo wo fèrèsé náà, mo ṣíná sí mọ́tò. Èmi kì í fi ìran ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo fura.

Lọ́nà ni wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì níbi tí wọ́n ti ń wa bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí pátákó, lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní ìwé àṣẹ, wọ́n ní àpótí irin tí wọ́n dè mọ́ ògiri. Wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti wá bá àwọn pé ẹ wá gbàdúrà fún mi.

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ fún ìjọ, sà?"

"Alàgbà tó ń gbé ìbọn? Kí wọ́n lè máa ríran sí mi títí wọ́n á fi gba ọ̀pá alàgbà lọ́wọ́ mi?" Wọ́n yíjú sí fèrèsé mọ́tò. "Kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Láìpẹ́ yìí, ọta mi kì í lọ síbi tí mo rán an mọ́. Gbogbo ẹ̀ ń ṣe bàìbàì lójú mi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá mi nìyẹn. Kí wọ́n tó kú, ohùn mi ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Mo ní kí n ra awò míì wò. Bí mi ò bá ríran pẹ̀lú ìyẹn náà, mo mọ̀ pé ojú ni."

"Dókítà ojú ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ló ń bà mí."

Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ìfura mi ò kú. Ó kàn yí ibi tó kọjú sí ni. "Níbo lẹ ti ra awò tó wà lórí ìbọn yín, sà?"

"Online. Ó fine gan-an, ó ní iná nínú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fura sí awò yẹn ná."

Nígbà tí a dé pápá, mo fi ìka kan ti awò náà, ó yí lórí ìbọn. Òrùka tó dì í mú ti dẹ̀. Mo tú u, mo gbé e sókè sí oòrùn, ìrì wà nínú rẹ̀. Mo de èyí tó bó lára sípò rẹ̀, mo de òrùka rẹ̀ le dáadáa. Alàgbà dùbúlẹ̀ lórí koríko, wọ́n yìnbọn, a yí orí awò díẹ̀, wọ́n tún yìn ín. Lẹ́yìn náà a ò yí nǹkan kan mọ́. Òyìnbó tó ń darí pápá fojú sí awò ńlá tirẹ̀, ó ní àárín gbùngbùn ni gbogbo rẹ̀ ń bà.

Alàgbà ò dìde. Wọ́n dojú bo apá wọn, èjìká wọn ń mì. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n.

"Káyọ̀dé, mo rí etí pátákó yẹn," ni wọ́n wí. "Ó mọ́ ṣáká. Ojú mi ò tíì lọ."

Omi bọ́ lójú èmi náà, n kò sì nù ún. Mo mú wọn ṣèlérí níbẹ̀ pé tó bá di Monday a jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, nítorí awò tó dáa kò ní kí èèyàn má wo ojú ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá ti ń sọ fún mi pé àgbà ti dé sí òun lójú, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbé awò àtijọ́ rẹ̀ wá kí n rí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì tí a lọ sí pápá, nínú ìsìn, Ìyá Wòlíì tún bọ́ sínú ẹ̀mí. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rí ohun gígùn dúdú yẹn, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin méjì ló gbé e wọ mọ́tò.

"Kó má ṣẹlẹ̀!" ni ìjọ pariwo. Ohùn Alàgbà tún ga ju ti gbogbo wa lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú padà láti ìjókòó iwájú, wọ́n wá mi títí wọ́n fi rí mi ní ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi ojú ọ̀tún ṣẹ́jú sí mi.