Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Bàbá Onílé

Ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lẹ́yìn etí bàbá onílé wa ní Agége. Bí àgbàrá bá ti ya wọlé, wọ́n á fi fa ìlà síbi tí omi dé lára ògiri wa, kí wọ́n tó pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìjàǹbá. Tí a bá ní, "Bàbá, ẹrù púpọ̀ ló bá omi lọ," wọ́n á jágbe mọ́ wa:

"Kí ló ń jẹ́ púpọ̀? Ẹ kà á! Ìjọba ò mọ púpọ̀."

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fa ìlà sí yàrá gbogbo wa tán, ó ku tiwọn. Ibẹ̀ ni ògiri ti wó lù wọ́n. A ò gbé wọn jáde láàyè.

Èmi ni mo pe àwọn òṣìṣẹ́ náà. Obìnrin tó gbé fóònù bi mí pé kí la pàdánù.

"Púpọ̀, mà," ni mo wí.