Ẹ̀fọn Tó Tẹ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ibà Dó

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn ní Manchester ni mímú àlejò yípo ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru kan tí wọ́n kọ́ láyé àwọn amúnisìn. Ẹ bá mi wo ilé náà ná. Bíríkì pupa, òpó òkúta gìrìwò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ níwájú kí àwọn dókítà lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún oòrùn. Oòrùn ọ̀hún la ṣì ń retí. Ẹni tó gbẹ́ igi ọ̀pẹ sókè ẹnu ọ̀nà kò rí ọ̀pẹ rí. Ó jọ agbòjò tí atẹ́gùn ti yí inú rẹ̀ síta.

Ọ̀gá mi, Helen, fún mi ní ìwé tí mo gbọ́dọ̀ máa kà: àwọn oníṣòwò aláàánú ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ ọmọ ènìyàn. Mo bá ń kà á, àwọn àlejò ń yán. Helen ní òun á ra ẹ̀rọ tí yóò máa sọ̀rọ̀ dípò mi.

"Ká ṣì wo bí ti Sátidé yìí ṣe máa rí," ló wí.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Sátidé dé, àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ wa láti Stockport wà láàárín èrò. Bí mo ṣe ka "aláàánú" báyìí, ọ̀kan nínú wọn, Bùkọ́lá, pòṣé.

"Daddy, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta ni, ṣé báyìí lẹ ṣe máa sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó? Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Kí ló lé e wá?"

Mo ki ìwé bọ àpò. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ̀fọn ló tẹ ibí dó. Àwọn oníṣòwò gbé aṣọ lọ sí etíkun wa, wọ́n fẹ́ gbé epo pupa bọ̀. Ẹ̀fọn ní kò sáyè. Ó pa akọ̀wé, ó pa ọ̀gá ọkọ̀, ó pa ẹni tó wá sin wọ́n. Ìgbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ mọ́, àánú dé! Wọ́n dáwó, wọ́n kọ́lé. Wọ́n gbẹ́ orí ara wọn sára ògiri. Olùdásílẹ̀ gan-an, wọn ò gbẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ kan."

Ẹ̀rín sọ. Mo kó wọn lọ sí yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀fọn fún ìwádìí, nínú àpótí onínẹ́ẹ̀tì. Bùkọ́lá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kábíyèsí! A kì í wọ̀lú ká má kí onílùú." Ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó kù.

Mo yíjú padà, Helen ló dúró lẹ́yìn wa. Mo yára fa ìwé rẹ̀ yọ lápò.

"Èwo ni ọba nínú wọn?" ó bi mí.

"Àwọn obìnrin ni. Àwọn ọkùnrin wọn ò lè buni jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rọ náà padà dé o, ọdún tí mo fẹ̀yìntì. Ohùn tèmi ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí mo lọ gbọ́ ọ. Mo ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, èmi kan náà dúró lẹ́yìn èrò bí àlejò. Òyìnbó kan tó wà níwájú mi bá gbá ara rẹ̀ lọ́rùn, pàá!

Mo ní, "Ẹ rọra. Kábíyèsí ni."