Afárá Tí Ọ̀gá Mi Parí Sínú Ìwé Ìròyìn

Inú mi kò tíì rọ̀ sí ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn kékeré tí à ń tẹ̀ jáde ní Ìsẹ́yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni akọ̀ròyìn rẹ̀. Òfin kan ló fi lélẹ̀: ìròyìn ìlú kan kò gbọdọ̀ jáde àfi tí a bá kọ́kọ́ gbé e lọ síbẹ̀, ká kà á sétí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, a ó fà á ya. Mo gun ọ̀kadà nínú eruku nítorí òfin yìí títí ikọ́ fi mú mi. Mi ò ráhùn, mo gbà pé olóòótọ́ èèyàn ni.

Nígbà tó yá, ó gbégbá ìbò alága ìjọba ìbílẹ̀, ó wọlé, ó sì fi àbójútó ìwé ìròyìn náà lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi ìròyìn kan ránṣẹ́ pé kí n gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́: òun ti parí afárá odò kan lọ́nà Ìgànná, àwọn obìnrin tó ń yan gààrí níbẹ̀ sì ń jó.

Mo lọ. Irọ́ funfun báláú! Òpó méjì péré ló dúró sínú odò. Àwọn obìnrin náà ru àpò gààrí, omi mù wọ́n dé ìbàdí. Mo ka ìròyìn náà fún wọn. Ìyá àgbà kan, tí omi ti gbé àpò tirẹ̀ lọ, dá mi lóhùn:

"Ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá ti ní afárá ti wà, ta ló tún máa rántí wá ṣe é fún wa?"

Orí mi gbóná. Àkọ́rọ̀ òjò ti bẹ̀rẹ̀, odò yẹn yóò sì kún. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù níwájú wọn.

"Ọ̀gá, a ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ! Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ wá kà á fún wọn fúnra yín."

Ó pa fóònù.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwòrán odò náà la gbé sójú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìyá àgbà láàárín omi. Ọ̀gá ní mo dójú ti òun. Òun ló tún ń bínú! Mo fi ẹ̀dà kan rán ọlọ́kadà sí ìyá náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́kadà ti dá a padà fún mi. Ó ní òun ò rí odò náà kọjá, omi ti bo òpó méjèèjì.