Ojú Ihò Tí Tukiran Fi Owú Lù

Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé Tukiran nìkan ló ń sàmì ojú ihò sórí irin níléeṣẹ́ wọn ní ìlú Gresik. Á wọn irin pẹlẹbẹ, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á wá fi irin ṣóńṣó àti hámà lu ojú kékeré síbi tí ihò máa wà. Darmuji tó ń lu ihò kì í gba àmì ẹlòmíràn. Bó bá di àsìkò kọfí, ẹ̀gbẹ́ Tukiran ló ń jókòó sí.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá ra ẹ̀rọ pílásímà tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń fi iná gé irin. Ngatini, ọmọbìnrin ará Lamongan kan, ni wọ́n fi sídìí ẹ̀. Kó tó gé irin, á jẹ́ kí iná ẹ̀rọ náà tọ́ ibi ihò kọ̀ọ̀kan wò fẹ́ẹ́rẹ́, ojú á sì dá síbẹ̀.

"Mbak Ngatini, ọwọ́ ẹ mà dáa o!" Darmuji pariwo. "Irin ìlu mi ò yẹ̀ rárá!" Ló bá gbé kọfí ẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ Ngatini.

Bí Tukiran bá ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì, ṣe ni ìrẹsì ń korò lẹ́nu ẹ̀. "Ẹ̀rọ ló ń ṣe é, òun ló ń gbayì," ló ń kùn.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, àwọn ọkùnrin lọ kírun, Ngatini lọ jẹun. Tukiran fẹsẹ̀ falẹ̀. Ó fi gírísì dí àwọn ojú tí Ngatini dá sórí irin kan, ó sì lu òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Darmuji dé, ó tẹ̀ ba irin náà, ó fọwọ́ pa ojú kan.

"Kang Tukiran, ẹ wá ná. Ojú tí iná bá dá, etí ẹ̀ máa ń dúdú. Èyí mọ́ tónítóní. Ṣé ẹ rò pé mi ò dá ọwọ́ yín mọ̀ mọ́ ni? Ká ní mo ti lu ú ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni wọn ì bá lé lẹ́nu iṣẹ́!"

Ngatini ti dé ẹ̀yìn wọn. "Pakde Tukiran, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan." Tukiran ń nu gírísì ọwọ́ ẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ẹ ni Darmuji ti ń mu kọfí báyìí."

"Kọfí!" Darmuji lanu. "Tìtorí kọfí?"

Tukiran fọwọ́ ara ẹ̀ fi iná jó àwọn ojú tó lù náà dí, ó lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi dán. Ngatini ò fẹjọ́ ẹ̀ sùn, àmọ́ kì í kúrò nídìí irin mọ́ tí Tukiran bá wà nítòsí. Ìyẹn dun Tukiran wọra. Owú ṣì ń jẹ ẹ́ tó bá gbọ́ ẹ̀rín wọn, àfi pé ní báyìí, ojú ń tì í mọ́ ọn.