Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Funfun Wé Àwọn Ère Mi

Nígbà tí mo ra ilẹ̀ sí Egan, lẹ́yìn Ìgàndò, ní ìparí àwọn ọdún 1980, gbogbo èèyàn rò pé ilé ayálégbé ni n ó kọ́ síbẹ̀. Yàrá méjì péré ni mo kọ́ sí igun kan. Igi ni mo gbìn sí ibi tó kù: apá, ọ̀mọ̀, òrúrù, agbálùmọ̀, títí kan ìrókò tí wọ́n ní èèyàn kì í gbìn sílé. Tíṣà iṣẹ́ ọnà ni mí, ẹ̀rù igi kì í bà mí.

Láàárín àwọn igi yẹn ni mo ti ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe ère. N kò ṣe òrìṣà kankan o, àwọn aládùúgbò mi ni mo ṣe. Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń lẹ táyà lẹ́nu títì wà níbẹ̀, ó lóṣòó ti táyà rẹ̀. Ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata náà wà níbẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Àwọn fúnra wọn ló jókòó fún mi, wọ́n sì ń bá mi jiyàn pé imú àwọn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò ní òrìṣà ni mo kó sílé, pé bí n kò bá fọ́ àwọn ère náà, àwọn yóò wá fi òòlù fọ́ wọn. Ibi tí a ti ń fà á ni káńsù ti ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ fún ọgbà mi ní àmì ẹ̀yẹ. Inú mi dùn gan-an. Mo mọ̀ pé ohun tí káńsù bá ti yìn, lánlọ́ọ̀dù kankan ò ní lè gbé òòlù sí i.

Àṣé igi nìkan ni wọ́n fẹ́ yìn. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá ní pásítọ̀ àti àáfà ni yóò ṣàdúrà lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé àmì ẹ̀yẹ náà wá, kò sì sí èyí tó máa lanu níwájú ère, nítorí náà kí n jẹ́ kí wọ́n bò wọ́n. Àwọn méjì tí kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ariwo gbohùngbohùn fohùn ṣọ̀kan lórí ère mi! Mo ní n kò gbà.

Kí n tó ti ọjà dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ti mú aṣọ funfun tó ṣẹ́kù lára èyí tí wọ́n fi ṣe kánópì lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n fi wé àwọn ère láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì dè wọ́n lókùn. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń wé bẹ́ẹ̀.

Bàbá táyà wọlé nínú aṣọ tó fi ń lọ sí Jímọ́ọ̀, ó wá wò bí wọ́n ṣe máa yìn ín. Ó bá ara rẹ̀ nínú likafani. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi bi ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà pé, "Ta ló sọ fún yín pé mo ti kú?"

Ìyẹn ní ère lásán ni. Bàbá ní kó wo imú tó yọ lábẹ́ aṣọ, kó sọ ẹni tó ni ín. Ó já okùn, ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́rọ tó tẹ̀lé e wọlé tú tirẹ̀ náà, ó ká aṣọ náà mọ́ abíyá, ó ní ti òun ni látòní.

Alága káńsù dé pẹ̀lú pásítọ̀ àti àáfà, ó ní bí a kò bá bo àwọn ère padà, kò sí àmì ẹ̀yẹ.

Mo ní, "Sà, ohun tó bá ojú ló bá imú. Bí ẹ ò bá lè yin igi àti ère pọ̀, ẹ máa gbé àmì ẹ̀yẹ yín lọ."

Ó gbé e lọ lóòótọ́. Pásítọ̀ àti àáfà sì jọ wọ mọ́tò kan náà. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo wọ yàrá, mo sunkún, mo jáde, mo bomi rin igi mi.

Kò pẹ́ tí àwọn lánlọ́ọ̀dù fi dé pẹ̀lú òòlù. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ṣáájú wọn. Bàbá táyà ti lóṣòó ti ère rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ìyá ẹlẹ́rọ fọwọ́ lé ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Olórí àwọn lánlọ́ọ̀dù wo ère, ó wo èèyàn.

Ìyá ẹlẹ́rọ bi í pé, "Èwo nínú wa lẹ fẹ́ kọ́kọ́ fọ́?"

Olórí náà rọra ti òòlù bọ abẹ́ agbádá rẹ̀. Ó ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni.