Rọ́bà Tó Kọ Irin Sílẹ̀

Òórùn rọ́bà gbígbóná kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe fáàrí. Ní àwọn ọdún tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kan lẹ́yìn Ìbàfò, mo lè fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀, kí n da lọ́fínńdà sára bí ìyàwó tuntun, bí mo bá ti wọ ọkọ̀ lọ sí Mòwé níbi tí mo háyà yàrá sí, ẹni tó jókòó tì mí á rọra ṣí fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, mo kàwé o. Mo ti sọ fún ìyá mi nílé pé ìdí tábìlì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò purọ́. Tábìlì wà níwájú mi lóòótọ́, irin ló kún orí rẹ̀.

Ohun tí à ń ṣe nígbà náà ni èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ńjìnì síìtì, rọ́bà kíki kan tó há sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ máa ń jókòó lé lórí. Òun ló ń gbé gbogbo ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnì mì, kí èrò inú ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹni tó bá ń sùn nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ohun kan ń jìyà lábẹ́ òun. Èmi ni mo máa ń fi kẹ́míkà fọ irin náà, tí mo máa ń kùn ún ní gọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tò ó sínú mọ́ọ̀dù tó ń fún rọ́bà ní ìrísí, wọ́n á ki rọ́bà tútù sáàárín, ẹ̀rọ á sì fi ooru tẹ̀ ẹ́ títí rọ́bà àti irin á fi di ara kan. Ìyá kan tó dàgbà jù mí lọ, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ, ló ń gé etí rọ́bà tó bá yọ jáde. Ó máa ń ní onígbàjámọ̀ ni òun, irun àwọn oníbàárà òun ló kàn yàtọ̀.

Ará Òkè-Ògùn ni ọ̀gá wa, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun falẹ̀, tó ti pẹ́ nídìí rọ́bà kó tó kó ìdílé rẹ̀ wá sí Ifọ̀. Òun ló bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ ká gbìyànjú iṣẹ́ yìí wò, nítorí ilé iṣẹ́ kan tó ń to bọ́ọ̀sì ní bí tiwa bá dáa, àwọn á yé kó o wá láti òkè òkun. Àwọn aláṣẹ gbà, ṣùgbọ́n wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí àwọn oníbọ́ọ̀sì bá kọ̀ ọ́, àwọn á ti ẹ̀ka wa pa, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ọrùn ọ̀gá ni gbogbo wa rọ̀ mọ́.

Ọyẹ́ ló bá wa nídìí iṣẹ́ náà. Ooru ẹ̀rọ ń jẹ ọwọ́ wa, kẹ́míkà ń jẹ ẹ́, ọyẹ́ wá bá wọn parí rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi sán bí ilẹ̀ tí òjò ti gbàgbé. Ọ̀gá lọ sílé ní Òkè-Ògùn fún ìkómọ, ó sì gbé òrí dídára bọ̀ nínú abọ́ ńlá, ó pín in fún wa bí bàbá ṣe ń pín ẹran iléyá. Ó ní ká máa fi pa ọwọ́ láràárọ̀ ká tó fọwọ́ kan iṣẹ́, pé ọwọ́ tó ń bọ́ni, a kì í fìyà jẹ ẹ́. A kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìyá onígbàjámọ̀ nìkan ni kò gbà á. Ó ní òórùn òrí máa ń mú òun rántí ìyá ọkọ òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára irin. Ọ̀gá á ki ẹnu ìtúdè, èyí tí wọ́n ń pè ní sukudiráfà, bọ̀ ọ́, á fà á díẹ̀, rọ́bà á tú wọ́ọ́rọ́wọ́, irin á wá mọ́ bí àwo tí ọmọdé lá. Ìyá onígbàjámọ̀ ní, “Rọ́bà ti kọ irin sílẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe mọ̀lẹ́bí ìyàwó.” Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. A pààrọ̀ gọ́ọ̀mù. A fi kún ooru títí rọ́bà fi jóná. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Èmi tí mo kàwé dìde, mo ṣàlàyé ìmọ̀ kẹ́míkà tí èmi fúnra mi kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n kàn padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo rò pé àánú mi ló ṣe wọ́n. Ó rẹ̀ wá débi pé a kì í kí ara wa tán mọ́. “Ẹ kú” la máa ń sọ, a ó fi “iṣẹ́” sílẹ̀.

Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ sí Mòwé. Ìyá onígbàjámọ̀ ló dúró nídìí tábìlì mi. Ìgbà tí mo padà dé, gbogbo èyí tó kùn ló dì mọ́ irin pinpin, ìtúdè ọ̀gá kò ràn án. Ìyá náà wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣàìsàn yín lọ. Ara yín tí kò yá ló ń mú ara iṣẹ́ yá.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí àwọn mìíràn ti ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ àjẹ́. Ọ̀gá pè mí sídìí tábìlì, ó ní kí n ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, kí n má fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo bu òrí, mo fi pa ọwọ́ dáadáa, mo na ọwọ́ mú irin. Ó ní kí n dúró. Ó wo ipa ìka mi tó ń dán lára irin náà, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí imú, ó sì jókòó lé orí àpò rọ́bà.

“Èmi ni,” ó ní. “Èmi ni mo gbé e wá.”

Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀dà kì í mú ara ògiri tó bá lọ́ràá? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá àṣìṣe sínú oore? A fọ tábìlì, a fọ irin, a fi ọṣẹ ìfọbọ́ bó òrí kúrò lọ́wọ́, a sì fi ọwọ́ tó sán tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọjọ́ yẹn gùn.

Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn oníbọ́ọ̀sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ti gbọ́ pé àwọn oníbọ́ọ̀sì rí lára èyí tó ṣí, pé wọ́n á bi ọ̀gá ní ìdí rẹ̀.

“Alájì, ẹ dákun, ẹ tì í sí gọ́ọ̀mù lọ́rùn. Gọ́ọ̀mù ò lẹ́nu.”

“Tí mo bá tì í sí gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ní ká lọ pààrọ̀,” ọ̀gá dáhùn. “Ọwọ́ tó lọ́ràá á tún bà á jẹ́ lẹ́yìn wa.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ẹni tí wọ́n rán wá. Ó fa rọ́bà wa, ó lù ú, kò ṣí. Ó wá bèèrè ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ìkómọ dórí abọ́ òrí. Ìyá onígbàjámọ̀ ti kẹ̀yìn sí wa. Ọkùnrin náà gbé rọ́bà wa sílẹ̀.

“Bàbá,” ó ní, “àwọn tí à ń rà á lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, wọn ò sọ ohun tó bà á jẹ́ fún wa rí.” Ó gba iṣẹ́ náà.

Ẹ̀ka wa kò kú lọ́dún yẹn. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, àwọn bọ́ọ̀sì sì ń gbé rọ́bà wa káàkiri. Nígbà tó yá, àwọn oníbọ́ọ̀sì tún padà sí ti òkè òkun, nítorí ó dínwó ju tiwa lọ, ẹ̀rọ wa sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá onígbàjámọ̀ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Akútè. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń tẹ̀ ní àgbàlá wa báyìí.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí ọ̀gá ní Ifọ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kí ẹ̀rọ wa tó dákẹ́. Ẹsẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń ṣe rọ́bà wa. Mo sọ òótọ́ fún un pé wọn kò ṣe é mọ́, nítorí òun kọ́ ni ènìyàn máa ń purọ́ fún. Ó mi orí, ó ń wo ojú ọ̀nà.

“Àwọn bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń rìn?”

Mo ní wọ́n ń rìn, pé mo máa ń rí wọn ní Mòwé.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó ní, ojú rẹ̀ sì tutù.

Òótọ́ ni mo sọ, wọ́n ń rìn. N kò kàn fi kún un pé rọ́bà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnì, pé wọ́n á ti pààrọ̀ tiwa. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.