Ènìyàn Mẹ́ta Nínú Ìwé Òyìnbó

Ilẹ̀ tí à ń jà lé lórí ní Ìṣẹ̀rí-Olófin kò tóbi. Igi àgbálùmọ̀ kan ló wà níbẹ̀ àti ibojì ìyá mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n sin èmi náà sí.

Bàbá kan tí oko tiwọn wà lódìkejì odò ló ní àwọn ló nilẹ̀. Àgbà ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi. Níbi ìpàdé àdúgbò, ó mú ẹ̀dà ìwé kan jáde, èyí tí òyìnbó kan kọ láyé ìjọba wọn nípa abúlé agbègbè wa: odò wọn, ohun ọ̀gbìn wọn, iye ènìyàn wọn. Ó ka tiwa sókè: ahéré kan, ènìyàn mẹ́ta.

“Ẹ gbọ́ ṣá. Àlejò tó wá kọ ẹyìn ni wọ́n jàre.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń ta mí lára dòní.

Bàbá mi ti sọ bó ṣe jẹ́ fún mi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òyìnbó ń bọ̀ wá kà wọ́n, baba ńlá wa kó tìyàwó tọmọ wọnú igbó obì. Arúgbó mẹ́ta tí kò lè rìn ni òyìnbó bá nílé.

Mi ò bá a jiyàn. Mo wá ìwé náà rí, mo sì kà á tán. Ojú ewé tó tẹ̀ lé tiwa ni abúlé tiwọn wà: igbó lásán, kò sí ẹnikẹ́ni. Baba ńlá tirẹ̀ ti kó tarúgbó tọmọdé sá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo ilẹ̀ náà, mo ka ojú ewé tiwọn sókè ketekete.

“Bàbá, ẹni mẹ́ta ṣáà sàn ju igbó lọ, àbí?”

Ojú tì í. Òṣìṣẹ́ náà rọra gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ka ojú ewé méjèèjì.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi ní ìwé náà ti jẹ́rìí pé ilẹ̀ méjèèjì kò ní onílẹ̀, wọ́n sì mọ odi yí ìhà odò méjèèjì ká. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ilẹ̀ ìjọba ni. Ibojì ìyá mi wà nínú, ti baba tó bí bàbá yẹn náà wà nínú. A máa ń pàdé níbi géètì, tí a jọ ń yọjú. Mi ò kí i rí. Kí ìyá mi dárí jì mí, nítorí bí wọ́n bá tún gbé ìwé yẹn fún mi lónìí, màá tún kà á.